Ejò Lọ́wọ́ Nínú

Ní Gúámù, bí ilẹ̀ bá mọ́,
ilẹ̀ kàn mọ́ ni.
Kò sẹ́ni tó kéde rẹ̀ lórí igi.
Àkùkọ àdúgbò kọ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́,
igbó ẹ̀yìn ilé wa sì jókòó
bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀.

Ìyá ìyá mi, Engracia Naputi,
ní nígbà tóun wà lọ́mọge,
ariwo ẹyẹ kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ àdúrà òwúrọ̀.
Fadá á dúró díẹ̀, á ní
ká jẹ́ kí wọ́n parí tiwọn ná.
Mo rò pé ó ń pàlọ́ fún mi ni.

Ogun parí. Ọkọ̀ ojú omi àwọn sójà ń wọlé,
irin, táyà, pákó, ẹ̀yà bàálù,
wọ́n ń já ẹrù, wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé.
Ohun kan wà lábẹ́ pákó tí wọn kò kọ sílẹ̀.
Kò ní ẹsẹ̀, kò ní ìwé ìrìnnà,
kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà igbó.

Ẹyẹ kì í sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀.
Òkò wo? Àwọn ẹyẹ tiwa mọ òkò.
Wọ́n mọ ìjì, wọ́n mọ ọmọdé tó mú kànnàkànnà.
Ẹni tí wọn kò mọ̀
lẹni tó ń gun igi lóru láì mi ewé kan,
tó ń wọ ìtẹ́ dé ìtẹ́ bí agbowó-orí.

A kò rí chichirika mọ́. A ní bóyá òjò ni.
A kò gbọ́ totot mọ́. A ní bóyá oògùn ẹ̀fọn ni, bóyá àrùn.
Nígbà tí a óò fi mọ̀ pé ejò lọ́wọ́ nínú,
ejò tí kò lọ́wọ́ rárá,
igbó ti ṣófo.

Ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láì fara kanra.
Ó tó o.
Ó ti wá tó jù.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa rìn lóru
lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà pápákọ̀ òfúrufú,
tọ́ọ̀ṣì lórí, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, kí n yẹ pàkúté wò.
Eku ààyè wà nínú àgò, a fún un ní ọ̀dùnkún jẹ
kó má baà kú kí àlejò tó dé.
Lálẹ́ àná mo mú méje.
Mo sọ fún Engracia. Ó ní, "Ẹyẹ mélòó ló padà?"
Mo ní kò sí. Ó ní,
"Ohun tó yẹ kó o máa kà kọ́ nìyẹn."

Alántakùn ló jogún wa.
Mo ń fi ọ̀pá la òwú rẹ̀ kí n tó kọjá,
síbẹ̀ fọ́nrán funfun ń bá mi délé nínú irùngbọ̀n.
Èso ń jábọ́ sẹ́sẹ̀ ìyá wọn, wọ́n ń jẹrà níbẹ̀,
bí ọmọge tí kò sẹ́ni tó wá tọrọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru ejò.
Ejò kọ́ ló wa ọkọ̀.
Ejò kọ́ ló ń fi katapílà wó igbó orí àpáta
kí wọ́n lè ráyè yìnbọn dánra wò.

Wọ́n ní ìwọ̀nba sihek tó kù wà nínú àgò lókè òkun,
níbi tí dókítà ti ń fi iná sàba lé ẹyin wọn.
Nílé tiwa, ẹnu Engracia ló kù sí.
Ó ń súfèé bíi sihek fún Isa, ọmọ mi.
Eyín iwájú rẹ̀ méjì ti yọ,
afẹ́fẹ́ ń gba àlàfo náà jáde,
ó ń dún fìì níparí.
Eyín Isa pé,
síbẹ̀ ó ń fi fìì parí tirẹ̀.

Mo fẹ́ tún un ṣe fún un. Mo lanu.
Mo wá rántí pé
èmi náà kò gbọ́ ọ rí.